Ta Ni Ó Ni Ìwé Ìròhìn Wa?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa yóò dìbò lé lórí ní oṣù tí ń bọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ wa pé àwọn gbọ́ bí bébà àti tàdáwà ti wọ́n tó lóde òní, àti pé àwọn ṣe tán láti máa bá wa tẹ ìwé ìròhìn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí á máa jẹ́ kí ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ kà á kí ó tó wọ ẹ̀rọ. Àwọn kan nínú wa ti ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní owó tí a óò rí fi pamọ́ níbẹ̀ yóò ran àwọn opó ẹ̀ka wa lọ́wọ́ dé àyè kan.

A kò bínú sí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Àpò ẹ̀ka kò wúwo, àwọn opó sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, kí á sì dá ẹ̀bùn náà padà. Ìtàn ìwé ìròhìn nílẹ̀ wa ló mú wa sọ bẹ́ẹ̀. A fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó na ọwọ́ sókè.

ABẸ́ÒKÚTA NI Ó TI BẸ̀RẸ̀

Ìwé ìròhìn tó kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ C.M.S., ló gbé e jáde. Ní ọdún 1854 ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà nínú ọgbà ìjọ náà. Nígbà tí ọdún 1859 ń parí lọ, Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń rà á. Láti ọdún 1860 ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀.

Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Ọ̀rọ̀ ìjọ pọ̀ níbẹ̀: ẹni tí wọ́n rì bọmi, ẹni tó dé láti Èkó, ẹni tó ṣaláìsí. Ọ̀rọ̀ òwò òwú wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ ogun náà wà níbẹ̀. Ohun tí Townsend sọ pé òun ń lépa ni kí kíka ìwé di bárakú fún àwọn ènìyàn, kí wọ́n máa fúnra wọn wá ìmọ̀ nínú ìwé. Ète rere ni. A kò ní gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ló kọ́ iṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ́ bí a ti ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti ń fi tàdáwà pa á, bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ yìí ní. Orúkọ Townsend wà nínú gbogbo ìwé ìtàn. Orúkọ àwọn tó to lẹ́tà náà kò sí lẹ́nu ọmọ iléèwé kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ lóru, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣe àjèjì sí yín.

Wàyí o, ta ni ó ni ìwé ìròhìn náà? Àwọn Ẹ̀gbá ni orúkọ wà fún. Ìjọ C.M.S. ló ni ẹ̀rọ, ìjọ ló ni ilé tí ẹ̀rọ wà. Olóòtú, ìránṣẹ́ ìjọ ni. Àwọn tó ń rà á kò ní ju ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Nígbà tí ayé dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ayé le, ìyàtọ̀ náà fojú hàn.

Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n ń bá Ìbàdàn jà. Ìwé ìròhìn Townsend gbè sẹ́yìn àwọn Ẹ̀gbá. Ìjọ C.M.S. kan náà ní òjíṣẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn, David Hinderer ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀, ojú wọn sì rí màbo. Ohun tí Hinderer rí nínú ogun náà àti ohun tí Townsend rí kò bára mu rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sí ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ wà, ojú tirẹ̀ ni àwọn òǹkàwé fi wo ogun.

Ní ọdún 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Townsend kò dákẹ́ lórí bí ìjọba Èkó ṣe ń bá àwọn Ẹ̀gbá lò. Gómìnà Freeman tó wà l'Ékòó nígbà náà bínú sí ohun tó ń kọ, ẹ̀sùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Ẹni tó fẹ́ pa ìwé ìròhìn náà lẹ́nu mọ́ kò wá bẹ àwọn òǹkàwé l'Ábẹ́òkúta. Ó mọ ẹni tó ni ín, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì lọ.

Ọ̀rọ̀ àárín Èkó àti Abẹ́òkúta ń burú sí i. Ní ọdún 1865, àwọn Ẹ̀gbá kan dá ìgbìmọ̀ ìṣèlú tiwọn sílẹ̀. G. W. Johnson, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, ló ṣáájú wọn, Baṣọ̀run Ṣómóyè sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n fẹ́ kí Ẹ̀gbá máa dá ara rẹ̀ ṣe, kí ó máa gba owó bodè tirẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán ọmọ ogun lọ lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Ìbínú ń ru. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, ó bú gbàmù. Wọ́n ya wọ ilé ìjọ, wọ́n kó ẹrù, wọ́n fọ́ ilé, wọ́n lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ọjọ́ náà títí di òní. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bá a lọ. Ọdún mẹ́jọ péré ni Ìwé Ìròhìn lò láyé.

A ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ìtàn yìí sọ pé ará ìlú kò mọ iyì ohun tó dára. A kò gbà. Townsend tilẹ̀ ti gbèjà wọn nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà dé, lójú àwọn tó ń fọ́lé, ẹrù òyìnbó ni ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí àga àti tábìlì òyìnbó. Kò sí Ẹ̀gbá kan tó lè jáde síwájú èrò kí ó ní, "Ẹ fi èyí sílẹ̀ o, tiwa ni." Ó dùn wá pé ìwé ìròhìn àkọ́kọ́ ní èdè wa kú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníǹkan àti ọ̀rọ̀ òǹkàwé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí nǹkan kì í ṣe tirẹ̀ kì í lè gbà á sílẹ̀.

OLÓWÓ KAN, Ẹ̀MÍ KAN

Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìwé ìròhìn tiwọn l'Ékòó. Ìjọba amúnisìn wá fi òfin dí ẹnu ọ̀nà. Òfin Ìwé Ìròhìn ti ọdún 1903 ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ìwé ìròhìn jáde gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn £250, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ti ń ṣírò. Bí lébìrà kan bá ń gba ṣílè kan lójúmọ́, £250 jẹ́ owó iṣẹ́ 5,000 ọjọ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́ 300 ọjọ́ lọ́dún, yóò lé ní ọdún 16 kí ó tó kó o jọ, láìjẹ, láìmu, láìra aṣọ. Òfin náà kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ má ní ìwé ìròhìn. Kò kúkú ní láti sọ ọ́.

Síbẹ̀, àwọn akíkanjú kan gbìyànjú. Ní àwọn ọdún 1920, ìwé ìròhìn Yorùbá pọ̀ bí ewé. Adéoyè Dẹ́nígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922. E. A. Akíntàn gbé Ẹlẹ́tìí Ọfẹ jáde ní 1923. I. B. Thomas ló ni Akéde Èkó, nínú èyí tí lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ti jáde ní 1929 sí 1930, tí gbogbo Èkó ń dúró de ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè kà á. Ní Ìbàdàn, Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá, akéwì ńlá, dá The Yoruba News sílẹ̀ ní 1924. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́.

A kan sáárá sí wọn. Owó ara wọn ni wọ́n ná, oorun ara wọn ni wọ́n fi du ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọbasá fi nǹkan bí ogún ọdún gbé The Yoruba News ró. Ní ọdún 1945 ó kú, ìwé ìròhìn náà sì bá a lọ. Ìwé tó bá rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnì kan, ọjọ́ tí ọrùn náà bá tẹ̀, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí.

ỌDÚN 1945, ỌDÚN TÀWA ÒṢÌṢẸ́

Ọdún 1945 tí Ọbasá kú náà ni òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí dìde. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù sì dúró sójú kan. Wọ́n béèrè kí owó lébìrà má dín ní ṣílè méjì àti kọ́bọ̀ mẹ́fà lójúmọ́, kí wọ́n sì fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà. Ìjọba kò dáhùn. Nínú oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 yanṣẹ́ lódì, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti Michael Imoudu, baba wa, sì wà níwájú. Ó lé ní ogójì ọjọ́ tí iṣẹ́ fi dúró.

Ta ló ń gbé ohùn wọn jáde? Kì í ṣe gbogbo ìwé ìròhìn Èkó ló dúró tì wọ́n. West African Pilot àti Daily Comet, tí Nnamdi Azikiwe ni, ló gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, ìjọba ti àwọn ìwé ìròhìn méjèèjì pa. Òṣìṣẹ́ wà lójú pópó láìsí owó oṣù, wọ́n sì tún gba ìwé tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn.

A kò gbàgbé oore tí àwọn ìwé wọ̀nyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n oore ọ̀rẹ́ ni. Ẹgbẹ́ 17 ló yanṣẹ́ lódì, tí ìjọba sì rí i pé bí òun bá ti ilẹ̀kùn ilé ọkùnrin kan ṣoṣo, ẹnu gbogbo wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìyanṣẹ́lódì náà kò já sófo: ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dá òṣìṣẹ́ láre lórí owó ọ̀wọ́n ọjà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ wà síbẹ̀ fún wa.

Ti ìjọba ńkọ́? Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Daily Sketch sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀, ó di ohun tí ìjọba púpọ̀ jọ ni. Ìjọba ń lọ, ìjọba ń bọ̀, títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá wọlé. Gbohùngbohùn, ìwé ìròhìn Yorùbá tó wà lábẹ́ rẹ̀, kò lè dá dúró. Ìjọba àpapọ̀ náà gba ìpín 60 nínú 100 ìpín Daily Times ní 1975, wọ́n sì tà á fún oníṣòwò ní 2004. Ẹ kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni pe àwọn tó ń kà á láti béèrè.

Kí á má baà sọ pé kò sí ohun tó ṣeé ṣe, ẹ wo Aláròyé. Alao Adedayo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà kan kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1996. Owó tí mẹkáníìkì àti ìyá ọlọ́jà ń yọ lápò lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ló gbé e dúró. Ẹni tó bá ní owó kékeré-kékeré àwa òṣìṣẹ́ kò lè gbé ìwé ìròhìn Yorùbá ró, ibẹ̀ ni kí ó lọ wò.

ẸNI TÓ BÁ KỌ́KỌ́ KÀ Á

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Àwọn ọ̀gá kò sọ pé àwọn fẹ́ gba ìwé wa. Wọ́n ní kí àwọn kàn máa kọ́kọ́ kà á. Ẹ rántí ìgbà tí a tẹ ìròhìn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ̀rọ gé ní ìka méjì nítorí pé wọ́n ti tú irin ààbò kúrò lára rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Kí oṣù tó parí, irin ààbò ti padà sára ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ rántí lẹ́tà tí dẹ́rẹ́bà kan kọ nípa táyà tó ti pá tí wọ́n ní kí ó fi gbé èrò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ká ní ẹni tó tú irin yẹn, tàbí ẹni tó fọwọ́ sí táyà yẹn, ló kọ́kọ́ ka ìwé náà, ǹjẹ́ yóò wọ ẹ̀rọ? Ó lè má sọ pé ká má tẹ̀ ẹ́. Yóò ní kí á fi í sílẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀. Oṣù tí ń bọ̀ kì í tán nílẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí ni a fẹ́ fi bébà ṣe nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Fóònù dára, à ń lò ó. Ṣùgbọ́n ilé oníléé ni àwọn ẹgbẹ́ orí fóònù wọ̀nyẹn wà. Ẹni tó ni í lè tì í pa lọ́jọ́ tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni sì lè da irọ́ sínú rẹ̀ lóru. Bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri kántíìnì, gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tí wọn yóò bi léèrè.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀ fún wa yìí, ẹnu ni yóò ti fún wa.

OHUN TÍ A DÁ LÁBÀÁ

Kíkọ̀ nìkan kò tó. Bí a bá dá ẹ̀bùn padà, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a óò fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà:

1. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa dá owó búrẹ́dì kan lóṣù fún ìwé ìròhìn, lọ́tọ̀ sí owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni yóò gbà kọjá.

2. Kí á máa tẹ ìṣirò owó náà sí ojú ewé ìkẹyìn lóṣooṣù: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù.

3. Kí á máa dìbò yan ìgbìmọ̀ olóòtú lọ́dọọdún, kí àwọn ará gáréèjì ní àga nínú rẹ̀ bí àwọn ará ilé iṣẹ́. Alága àti akọ̀wé ẹ̀ka kò gbọdọ̀ ní àṣẹ láti yọ ìròhìn tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìkìlọ̀ yìí bá àwa tí à ń kọ èyí náà wí.

4. Ẹ̀rọ tí a bá rà, orúkọ ẹ̀ka ni kí ó wà lórí ìwé rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan, kí ẹ̀rọ má baà bá ẹnikẹ́ni lọ bí ó bá fẹ̀yìn tì tàbí bí ó bá kú.

5. Bí a bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni, ọ̀gá tàbí òṣìṣẹ́, kí á tẹ àtúnṣe rẹ̀ sí ojú ewé kan náà. Ìwé tiwa kò gbọdọ̀ di ìwé irọ́ nítorí pé ó jẹ́ tiwa.

Àwọn opó wa ńkọ́? Kí á dá owó tiwọn lọ́tọ̀, kí ó sì tó nǹkan. Kò yẹ kí á ta ẹnu àwọn tó wà láàyè nítorí àtibọ́ ilé àwọn tó ti lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ló ń sọ obìnrin di opó.

Bí ẹ bá dé Òkè-Ìlẹ̀wọ́ l'Ábẹ́òkúta lónìí, ẹ óò rí ilé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròhìn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìwé Ìròhìn ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí Townsend sọ ìwé rẹ̀ ní 1859, ara ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló wá fìdí kalẹ̀ sí. Inú wa dùn sí i.

Ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, kí ó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́ kí ó lè ráyè wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìwé tí a bá sì fi àgbájọ ọwọ́ gbé ró, ọwọ́ ẹnì kan kò ní tó láti tì í pa.

Àwa ìgbìmọ̀ olóòtú ni.